Ìtàn aláìsàn àti ìrètí: kí la lè ṣe ní wọ́ọ̀dù yàtọ̀ sí "ẹ fọkàn balẹ̀"?

nọ́ọ̀sì_alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ pé ká máa gbọ́ ìtàn àwọn aláìsàn, ká máa fi ènìyàn ṣáájú àìsàn nígbà tí a bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, pé ìyẹn ló ń fún wọn nírètí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ ẹni tó bá ń wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é kì í rí nǹkan kan dì mú. Ìbéèrè mi nìyí:

Kí la máa bi aláìsàn gan-an, ìṣẹ́jú mélòó ló sì máa gbà? Ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti kọjá ìwòsàn, ìrètí wo la fẹ́ bá a wá tí kò ní di irọ́? Kí ló sì máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ẹ ṣáà fìfẹ́ hàn" dá mi lóhùn. Ohun tí ọwọ́ lè ṣe láàárín oògùn aago mẹ́wàá àti oògùn aago méjìlá ni mo ń wá.

etí_méjì

Ẹ kú ìbéèrè. Oògùn aago mẹ́wàá tí ẹ dárúkọ yẹn, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Ìdí àkọ́kọ́ tí ìtàn kì í fi í jáde ni pé a kì í jẹ́ kó jáde. Ní 1984, Beckman àti Frankel gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi tí dókítà àti aláìsàn ti ń sọ̀rọ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 18 péré, dókítà ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ aláìsàn lẹ́nu. Àwíjàre wa ni pé bí a bá gbà wọ́n láyè, ilẹ̀ á ṣú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Basel, ní Switzerland, Langewitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn dókítà dákẹ́ títí aláìsàn yóò fi parí, wọ́n sì fi aago wò ó. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 ni pé ìṣẹ́jú àáyá 92 ni aláìsàn ń lò ní ìpíndọ́gba. Nínú 335, àwọn méje péré ló lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Torí náà, ẹ fa àga, ẹ jókòó kí ojú yín àti tiwọn dọ́gba. Ẹni tó bá dúró ní ìdí bẹ́ẹ̀dì ti fi ẹsẹ̀ sọ pé òun ń lọ. Ẹ dárúkọ ara yín àti iṣẹ́ yín lójoojúmọ́, kódà bí wọ́n bá ti rí yín lánàá. Kate Granger, dókítà ará England tí àrùn jẹjẹrẹ dì mú, ló sọ èyí di ìpolongo ní 2013, nígbà tó rí i pé àwọn tó ń tọ́jú òun kì í sọ orúkọ wọn. Ẹ wá bi aláìsàn ní orúkọ tí wọ́n fẹ́ ká máa pè wọ́n.

Lẹ́yìn náà, gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ẹ sọ bó ṣe ń rí fún yín látìgbà tí èyí ti bẹ̀rẹ̀." Kí ẹ wá pa ẹnu dé. Ẹ ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín. Ó nira ju bó ṣe dún lọ. Kí á tó ka ẹ̀ta, ọ̀pọ̀ wa ti tún la ẹnu. Bí wọ́n bá dúró díẹ̀, ẹ má béèrè nǹkan tuntun. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn lẹ́nu wọn ni kẹ́ ẹ tún sọ: "Ẹ ní ó ti sú yín?" Wọ́n á máa bá a lọ.

Ìyẹn ò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bí ẹ bá tún ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, ìbéèrè kan wà tí Harvey Chochinov, oníṣègùn ọpọlọ ní Winnipeg, Canada, gbé kalẹ̀: "Kí ló yẹ kí n mọ̀ nípa yín gẹ́gẹ́ bí ènìyàn, kí n lè tọ́jú yín bó ṣe yẹ jù?" Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ kà á sí wọn létí, ẹ tọrọ àyè, kí ẹ tó fi í sí iwájú fáìlì.

Màmá_Wọ́ọ̀dù

Etí_méjì, mo bá yín dé ìdajì. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, bí ẹ ṣe túmọ̀ rẹ̀ yẹn, yóò dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ bi àgbàlagbà tó ń sọ Yorùbá pé "kí ló yẹ kí n mọ̀ nípa yín gẹ́gẹ́ bí ènìyàn", èsì tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni "Ṣé èmi kì í ṣe ènìyàn tẹ́lẹ̀ ni?" Ẹ yí i padà: "Ká ní ẹni tí kò mọ̀ yín rí ló máa tọ́jú yín lọ́la, kí lẹ máa fẹ́ kó mọ̀ nípa yín kó tó wọlé?" Ohun kan náà ni, àmọ́ èyí ṣe é dáhùn.

Ẹ má sì bi ẹni tí ìrora ń pọ́n lójú. Ìrora ò gba ìtàn. Bó bá jẹ́ oògùn ìrora tí wọ́n gbé mì ni, ẹ jẹ́ kó tó nǹkan bíi wákàtí kan kó tó di pé ẹ jókòó. Bákan náà ni ẹni tí èébì ń gbé, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ fún iṣẹ́ abẹ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èsì àyẹ̀wò lónìí. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ìjókòó lásán tó. Ìtàn di ọ̀la.

Ohun mìíràn tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni bí a ṣe ń pe ènìyàn nígbà tí a rò pé kò gbọ́. "Jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀dì keje ti jí o." Aṣọ títa sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjì ò dí ohùn rárá. Ẹ lè fi ogún ìṣẹ́jú gbọ́ ìtàn ènìyàn, kí gbólóhùn yẹn sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Baba_Fáìlì

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì, nítorí òun ni àwọn ènìyàn máa ń sá fún.

Ìrètí yàtọ̀ sí kí inú ènìyàn máa dùn. Snyder, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tú u palẹ̀ ní 1991 lọ́nà tó ṣe é lò. Ó ní ìrètí ní nǹkan mẹ́ta: ohun tí mo ń lépa, ọ̀nà tí mo rí láti dé ibẹ̀, àti ìgbàgbọ́ pé ẹsẹ̀ mi lè rìn ín. Bí ọ̀kan bá sọnù, ìrètí ti rọ. Ẹ wá wo ohun tí a máa ń ṣe. Aláìsàn ní òun ò mọ ohun tí òun tún ń lépa, a ní "ẹ jẹ́ akíkanjú". Ẹsẹ̀ la ń gbé fún ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é ni kí a bi wọ́n pé "Kí lẹ ń retí báyìí?" Ìdáhùn àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ "kí ara mi yá". Ẹ má jiyàn, ẹ má sì gbà á bí ẹ̀jẹ́. Ẹ ní "Mo gbọ́ yín. Kí tún ni?" Ẹ bi í lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú ìdáhùn kejì àti ìkẹta niṣẹ́ máa ń wà: kí ìrora dín kù kí n lè sùn, kí èmi àti àbúrò mi parí ìjà, kí n rí ọmọ tó fẹ́ bí. Ẹ mú ẹyọ kan tó ṣe é ṣe láàárín ọjọ́ méje. Ẹ jọ wá ọ̀nà méjì sí i, má ṣe jẹ́ ọ̀nà kan, torí bí ọ̀nà kan ṣoṣo bá dí, wọ́n á gbà pé ọ̀ràn náà parí nìyẹn. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa ṣe apá kọ̀ọ̀kan, ẹ sì padà wá ní ọjọ́ tẹ́ ẹ dá. Bí ẹ kò bá padà wá, ó sàn kí ẹ má bi wọ́n rárá.

Ohun tí wọ́n ń lépa lè jìnnà ju ọjọ́ tó kù lọ. Ìgbéyàwó ọmọ ku oṣù mẹ́rin, ara sì fi hàn pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù. Kò sí ìdí láti ní "kò ṣe é ṣe". Ẹ bi wọ́n pé kí ló wà níbi ìgbéyàwó yẹn tó jẹ́ tiwọn gan-an. Bó bá jẹ́ àdúrà òbí ni, a lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́la. Bó bá jẹ́ kí wọ́n rí àwọn méjèèjì papọ̀, àwọn méjèèjì lè wá síbi bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ Sátidé.

Ti ẹ̀tàn: Back, Arnold àti Quill, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ ní 2003, pé kí a máa retí èyí tó dáa jù, kí a sì múra sílẹ̀ de èyí tó burú jù. Lẹ́nu wa, ó lè lọ báyìí: "Èmi náà ń bá yín retí pé oògùn yìí á ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù tó sì ń bà mí ni pé ó lè má ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká múra fún méjèèjì." Ẹ kíyè sí i pé "sì" ni mo lò, mi ò lo "ṣùgbọ́n". "Ṣùgbọ́n" máa ń nu gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀ nù, ìdajì kejì nìkan ni aláìsàn á gbé sọ́kàn lọ sílé.

nọ́ọ̀sì_alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Tí wọ́n bá wá bi wá ní tààrà, "Ṣé mo máa kú ni?" ńkọ́?

Baba_Fáìlì

Ẹ má sáré sọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má sì sáré sọ rárá. Ìbéèrè yẹn lè túmọ̀ sí bíi mẹ́rin. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ mọ iye ọjọ́, ó lè jẹ́ ìrora ikú ló ń bà wọ́n lẹ́rù, ó lè jẹ́ pé ọmọ ni wọ́n ń rò, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti mọ̀, ẹni tí wọ́n máa bá sọ ọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ ní "Ìbéèrè ńlá nìyẹn. Kí ló mú un wá sọ́kàn yín lónìí?" Ìdáhùn wọn ni yóò sọ èyí tó jẹ́. Bó bá jẹ́ iye ọjọ́ ni wọ́n fẹ́ mọ̀, ẹ pe dókítà tó mọ̀ wọ́n, kẹ́ ẹ sì bá a jókòó síbẹ̀. Bó bá ṣe é sọ, kí ó jẹ́ "ọ̀sẹ̀ mélòó kan" tàbí "oṣù mélòó kan". Kò yẹ kó jẹ́ ọjọ́ kan pàtó.

akọ̀wé_ìtàn

Ìtàn kúkurú lẹ ti ń sọ. Èyí tó gùn wà, tí aláìsàn máa ń fi sílẹ̀ fún ẹbí. Chochinov kan náà ló gbé e kalẹ̀, ìlànà rẹ̀ sì ṣe tààrà.

Ẹ fi ìbéèrè náà lé wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n lè rò ó. Nǹkan bíi mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni, lára wọn: apá wo nínú ayé yín lẹ rántí jù tàbí tó ṣe pàtàkì sí yín jù? Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé ẹ wà láàyè ní tòótọ́? Àwọn ipò wo lẹ dì mú, nínú ẹbí, nídìí iṣẹ́, láàárín ìlú? Kí ni inú yín dùn sí jù pé ẹ ṣe? Kí lẹ ti kọ́ láyé tẹ́ ẹ fẹ́ fi lé àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ wo ló kù tẹ́ ẹ fẹ́ bá ẹni yín sọ?

Ìjókòó fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ méjì, torí pé ẹ̀rọ kan máa ń kú nígbà tí ìtàn bá dé ibi tó dùn jù. Fóònù tí wọ́n fi sórí ìrọ̀rí á máa gba híhá aṣọ sílẹ̀ ju ohùn lọ. Ẹ gbé e sórí tábìlì tí ó tó ìgbọ̀nwọ́ kan sí ẹnu wọn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ tẹ́tí gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí ni sísọ ohùn náà di ọ̀rọ̀ títẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa: wákàtí ohùn kan lè gba ẹni tí kì í ṣe ọ̀jáfáfá nídìí títẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà fẹ́ kó parí láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, aláìsàn lè ti lọ, tàbí kí ọkàn rẹ̀ máa pò débi tí kò ní lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ òun ni. Ìdí tó wọ́pọ̀ jù tí iṣẹ́ yìí fi ń kùnà nìyẹn, òun náà ló sì ń dun ẹbí jù. Bí kò bá sí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Ṣíṣàtúnṣe: ẹ yọ "ẹ̀ẹ̀n" àti ọ̀rọ̀ tó tún ara rẹ̀ sọ, ẹ to ọdún ní ìtẹ̀léra, ẹ wá gbólóhùn kan láàárín ìtàn náà tó lè jẹ́ ìparí, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ lọwọ́ yín mọ. Ẹni tó mọ̀wé jù ló máa ń bà á jẹ́ jù, nítorí yóò sọ ọ̀rọ̀ wọn di ìwé ìròyìn, aláìsàn á sì gbọ́ ọ, á ní "èyí kì í ṣe ohùn mi." Bó bá sọ pé "mo ṣe é kanlẹ̀", ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá fi òwe parí ọ̀rọ̀, ẹ má ṣàlàyé òwe náà.

Ìkẹyìn ni kíkà á sí wọn létí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹkún máa ń wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà. Bí gbólóhùn kan bá máa gún ẹnìkan nínú ẹbí lọ́kàn, ẹ bi wọ́n pé "Nígbà tí ó bá ń ka èyí tí ẹ̀yin ò sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé, ṣé bó ṣe wù yín kó gbọ́ ọ nìyí?" Àwọn ni yóò pinnu.

Ọ̀nà tó fúyẹ́ jù wà: ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Madison, Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yà tiwọn ní 2013. Ẹnìkan fọ̀rọ̀ wá aláìsàn lẹ́nu wò, ó kọ nǹkan bí 1,000 ọ̀rọ̀ bí ẹni pé aláìsàn ló ń sọ̀rọ̀, ó kà á sí i létí, aláìsàn tún un ṣe, ó wá wọ inú fáìlì níbi tí dókítà lè kà á. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ o. Ẹbí ni ti Chochinov ní Winnipeg wà fún, ti Madison wà fún àwọn tó ń tọ́jú. Ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ohun tí bàbá sọ fún ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáìlì.

dókítà_kékeré

Ẹ kú àlàyé o. Ìbéèrè mi lè dún bí ti aláríwísí, ẹ forí jì mí: ṣé ẹ̀rí wà pé èyí ń ṣiṣẹ́, àbí inú àwa tó ń ṣe é ló kàn ń dùn?

Baba_Fáìlì

Ìbéèrè gidi nìyẹn, kò sí ohun tí a máa forí jì. Èsì rẹ̀ pín sí méjì.

Ní 2005, wọ́n tẹ èsì ìtàn gígùn ti Chochinov yìí jáde lórí aláìsàn 100 ní Canada àti Ọsirélíà tí àìsàn wọn ti kọjá ìwòsàn. 91 nínú ọgọ́rùn-ún ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn, 76 ní iyì àwọn pọ̀ sí i, 47 ní ó mú kí ó wu àwọn láti wà láàyè. Ó dùn, àbí? Àmọ́ kò sí àwọn tí a lè fi wọ́n wé. Ní 2011, wọ́n fi kèké pín 441 sí ọ̀nà mẹ́ta: ti ìtàn, ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá, àti ìjókòó sọ̀rọ̀ lásán. Lórí àwọn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìdààmú, kò sí ìyàtọ̀ kankan tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ wọn ni ìdààmú wọn kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ibi tó máa sọ̀ kalẹ̀ sí. Síbẹ̀, àwọn tó sọ ìtàn ló sọ jù pé ó ran àwọn lọ́wọ́, pé ó fi kún iyì àwọn, pé ẹbí á fi ojú mìíràn wo àwọn.

Bí mo ṣe kà á nìyí: kì í ṣe oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti di àìsàn sí lára, tí kò sùn, tí nǹkan kan ò wù ú mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìtọ́jú tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹ má fi ìtàn dá a dúró.

Bákan náà ni ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ fún ẹni tó sùn ní ICU (wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an), tí wọ́n máa ń fún un bí ó bá jí tán. Ìwádìí 2010 ní Yúróòpù rí i pé ìpayà tó máa ń tẹ̀ lé e jẹ́ nǹkan bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó tètè gba ìwé náà, 13 fún àwọn tí kò tíì gbà á. Ti 2019 ní ICU 35 ní Faransé ò rí ìyàtọ̀. Ẹ kọ ọ́ bó bá wù yín, ẹ ṣáà má polongo rẹ̀ bí ẹni ń ta àgbo.

dókítà_kékeré

Ó yé mi. Ìtàn aláìsàn mìíràn tí a ń lò láti fi gba ẹlòmíràn níyànjú wá ńkọ́?

etí_méjì

Èyí gan-an ló wù mí kí a sọ. Ìwádìí kan ní Alabama, ní Amẹ́ríkà, tí Houston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2011, lo fídíò tí àwọn aláwọ̀ dúdú tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń bá a yí. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ò tíì wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà òkè wọn fi nǹkan bí 11 wálẹ̀ ju ti àwọn tí kò wo ìtàn lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àwọn tí tiwọn ti wálẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀. Èyí jẹ́ ká mọ ẹni tó yẹ ká fi ìtàn hàn.

Ìtàn tó ń ṣiṣẹ́ máa ń ní ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀. "Mo gbàgbé oògùn fún oṣù méjì, ojú mi ṣókùnkùn, mo wá so ó mọ́ àkókò tí mo ń fọ ẹnu." Olùgbọ́ rí ara rẹ̀ níbẹ̀, ó sì rí ọ̀nà. Ìtàn tí kò ní kùdìẹ̀-kudiẹ kankan, ìwàásù ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó, ẹni tó ń sọ ọ́ sì gbọ́dọ̀ wà ní ìpele àìsàn tó jọ ti olùgbọ́. Ẹ má mú ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ jẹ́ ìpele kìíní wá gba ẹni tó wà ní ìpele kẹrin níyànjú.

Mo kórìíra "ó bá àìsàn náà jà, ó sì ṣẹ́gun". Ẹni tó kú ńkọ́? Ṣé kò jà tó ni? Aláìsàn tí àyẹ̀wò rẹ̀ burú lẹ́yìn ìtàn yẹn á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Bí àwọn fúnra wọn bá sọ pé ìjà ni àwọn ń jà, ẹ bá wọn lo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ mú un wá.

agbọ́hùn

Ẹ ti gbàgbé àwọn tí ẹnu wọn ò lè sọ ìtàn. Rọpárọsẹ̀ lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn láì gba ọgbọ́n orí rẹ̀. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ni kò jáde.

Ẹ mú bébà funfun àti gègé tó nípọn. Èrò kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ kókó ọ̀rọ̀ ní lẹ́tà ńlá bí ẹ ṣe ń sọ ọ́: "ILÉ? IṢẸ́? ỌMỌ?" kí wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka. Ẹ kọ BẸ́Ẹ̀ NI, RÁRÁ, àti KÒ YÉ MI sí ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ìkẹta yẹn sílẹ̀, aláìsàn á wá máa mi orí sí gbogbo nǹkan. Ẹ ṣàyẹ̀wò bóyá "bẹ́ẹ̀ ni" wọn ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, kí ẹ fi ìbéèrè tẹ́ ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró. Àkókò tí wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀ gùn ju tiyín lọ, bí ẹ bá sì tún ìbéèrè bi wọ́n láàárín rẹ̀, wọ́n á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìparí, ẹ ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ gbọ́ sí wọn létí: "Ṣé ohun tẹ́ ẹ ń sọ nìyí?"

Bí kò bá yé yín, ẹ sọ pé kò yé yín. Wọ́n mọ̀ bí ẹ bá ń díbọ́n.

Ti àrùn ìgbàgbé, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni. "Ṣé ẹ rántí?" ti di ìdánwò, wọ́n á sì kùnà lójú yín. Ẹ fi nǹkan lé wọn lọ́wọ́: aṣọ, irinṣẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe rí, fọ́tò. Ẹ ní "Ẹ sọ fún mi nípa èyí." Bí ọdún bá pòrúru, ẹ fi sílẹ̀. Tom Kitwood, onímọ̀ nípa ìtọ́jú àrùn ìgbàgbé ní Bradford, England, kọ ní 1997 nípa bí àwọn tó ń ṣètọ́jú ṣe ń fi ohun kéékèèké bu iyì aláìsàn kù láìmọ̀: kí a máa sọ̀rọ̀ kọjá lórí wọn, kí a máa kánjú wọn, kí a máa tàn wọ́n. Títún ọdún ṣe lójú gbogbo ènìyàn wà nínú rẹ̀ lójú tèmi.

nọ́ọ̀sì_alẹ́

Agbọ́hùn, ẹ ṣeun, mo máa fi KÒ YÉ MI yẹn kún bébà tèmi. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹbí tó ní "ẹ má sọ fún wọn" ńkọ́? Ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ rárá náà ńkọ́?

etí_méjì

Ti ẹbí: ẹ má bá wọn jà ní kọ́rídọ̀. Ẹ bi wọ́n pé "Bí wọ́n bá gbọ́, kí lẹ ń bẹ̀rù pé yóò ṣẹlẹ̀?" Ìfẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà púpọ̀. Ẹ ṣèlérí pé ẹ kò ní já ọ̀rọ̀ lu aláìsàn lójijì, kí ẹ sì sọ pé ẹ kò ní purọ́ bí ó bá béèrè. Lẹ́yìn náà, ẹ bi aláìsàn fúnra rẹ̀, ṣáájú kí èsì tó dé: "Bí èsì bá dé, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbọ́, àbí ẹnìkan wà tẹ́ ẹ fẹ́ ká bá sọ ọ́?" Nínú SPIKES, ìlànà ìgbésẹ̀ mẹ́fà fún sísọ ìròyìn burúkú fún aláìsàn, tí Baile àti Buckman tẹ̀ jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní 2000, ìgbésẹ̀ kẹta nìyẹn, kí wọ́n pè yín wọlé kí ẹ tó wọlé. Ìdáhùn wọn yanjú ìjà ẹbí nígbà púpọ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ti mọ̀.

Màmá_Wọ́ọ̀dù

Ti ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀: ẹ fi í sílẹ̀. "Kò burú. Màá ṣì máa jókòó díẹ̀ lálẹ́ bó bá wù yín." Ìtàn kì í ṣe owó orí. Bí ìtàn bá sì ń lọ sí ibi tí ojú ń yí padà, tí èémí ń yára, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹ má gbẹ́ ẹ jinlẹ̀. Ẹ mú wọn padà sí yàrá: omi, fèrèsé, orúkọ yín.

Bí ẹnìkan bá ní "ayé ti sú mi", ẹ bi í ní gbangba: "Ṣé ẹ ń ronú láti gba ẹ̀mí ara yín ni?" Bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí wọn lọ́kàn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í bóyá ó ti mọ bí yóò ṣe ṣe é, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ mú ohun tó lè fi ṣe é kúrò nítòsí, ẹ pe dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí àṣírí nínú èyí, ẹ sì sọ fún un pé kò sí.

nọ́ọ̀sì_alẹ́

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn méjì lọ́sẹ̀, ìbéèrè ti Màmá_Wọ́ọ̀dù, gbólóhùn márùn-ún, tí mo máa lẹ̀ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

akọ̀wé_ìtàn

Méjì lọ́sẹ̀ dára. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àlejò bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ á kà á, ẹni tó ń gbálẹ̀ á kà á, àna tí wọn ò fẹ́ kó mọ̀ á kà á. Iwájú fáìlì ni, ìdajì ojú ewé, lẹ́tà tó tóbi, ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Orúkọ tí wọ́n fẹ́ ká máa pè wọ́n nìkan ló lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn bí wọ́n bá gbà.

Màmá_Wọ́ọ̀dù

Kí ẹ sì máa kà á nígbà tí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ lé ara yín lọ́wọ́, gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ àìsàn. Bí kò bá wọ ibẹ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́ta yóò ti di bébà lásán nínú fáìlì.

nọ́ọ̀sì_alẹ́

Ó yé mi, mà. Tí wọ́n bá wá ń lọ sílé ńkọ́, ta ló ni bébà náà?

akọ̀wé_ìtàn

Àwọn ni. Ẹ bi wọ́n bóyá kí ẹ̀dà kan kù nínú fáìlì, kí ẹ sì fi èyí tó mọ́ lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó jáde.